Ẹ jẹ́ kí Yorùbá máa dún níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé yín, látìgbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà la máa ń bẹ̀ kó bá wa ki ẹ̀dà kan bọ inú báàgì ẹ̀, títí di ìsinsìnyí tá a ń kà yín lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ òṣèlú, ọ̀rọ̀ ààfin, ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré tíátà, gbogbo ẹ̀ là ń rí kà, ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò tíì rí kẹ́nì kan kọ sí yín lé lórí, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà òde òní àtàwọn ètò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, orin ni o, àpérò ni o, iṣẹ́ ọwọ́ fáwọn ọmọdé ni o, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá kì í dá sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àwọn bàbá wa ló wà lára ògiri wọn.

Kí n tètè sọ ohun tó mú mi kọ̀wé. Mò ń bẹ̀bẹ̀ pé níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére Yorùbá, ì báà jẹ́ London níbí, ì báà jẹ́ ilé lọ́hùn-ún, kí wọ́n máa fi èdè Yorùbá ṣe lára àwọn ètò tó bá ìpàtẹ náà rìn. Kí ẹni tó ń mú èèyàn káàkiri lè fi Yorùbá ṣàlàyé, kí wọ́n fi Yorùbá pa àlọ́ fọ́mọdé, kí wọ́n pe àwọn àgbà wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kí ìlù dún. Mi ò ní kí wọ́n pa Gẹ̀ẹ́sì tì o. Mo ní kí tiwa náà dún níbẹ̀, torí inú èdè yẹn, inú ìlù yẹn, ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún ti jáde, màá ṣàlàyé bó ṣe jẹ́.

Ẹ jẹ́ n mú mùsíọ́mù Tate Modern, torí òun ló sún mọ́ mi jù. Etí odò Thames ló wà, ní Southwark, abẹ́ káńsù kan náà tó ń gbowó lọ́wọ́ wa ní Peckham níbí ni, bọ́ọ̀sì 63 ni mo máa ń wọ̀ dé Blackfriars Road, màá wá fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ni tẹ́lẹ̀, ihò èéfín gíga tó wà lórí ẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀ títí dòní, mítà 99 ni, òkèèrè lèèyàn ti máa rí i. Nígbà tí iṣẹ́ iná yẹn kásẹ̀ nílẹ̀ wọn ò wó ilé náà, wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ́mù, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2000. Gbọ̀ngàn tí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá wà tẹ́lẹ̀, Turbine Hall, wọ́n fi sílẹ̀ gbayawu fún iṣẹ́ tó bá tóbi ju yàrá lọ, àwọn àgbá epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì sọ di ibi ijó àti eré, Tanks ni wọ́n ń pè é, 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i fún aráàlú. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mùsíọ́mù náà ní fúnra ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wíwò ẹ̀, àwọn ìpàtẹ ńlá tó máa ń wá fún ìgbà díẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lé lórí. Mo ń sọ èyí torí mo mọ iye àwọn èèyàn wa tó ti lo ogún ọdún nílùú yìí, tí wọ́n ń kọjá níwájú ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n rò pé wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ àwọn ni.

Àwọn ètò ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ní Friday àti Saturday wọn kì í tètè tì, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni, ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ kúrò náà ṣì lè ráyè yà níbẹ̀. Àwọn alẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gbé orin sí i, tí wọ́n á pe àwọn ayàwòrán wá sọ̀rọ̀, táwọn ọ̀dọ́ á kún ibẹ̀ bí ẹni pé pátì ni. Tí iléèwé bá wà lólidé, wọ́n máa ń ya Turbine Hall sọ́tọ̀ fáwọn ọmọdé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, kí wọ́n kun, kí wọ́n gé, kí wọ́n tò, kí wọ́n máa sáré, ọ̀fẹ́ náà ni. Wọ́n ní ètò fáwọn adití tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ bá sọ̀rọ̀, wọ́n ní ti àwọn tójú wọn ò ríran tí wọ́n á fi ẹnu ṣàpèjúwe àwòrán fún kínníkínní. Èyí wú mi lórí púpọ̀, torí ó fi hàn pé àwọn èèyàn tó ń ro ti ẹlòmíì mọ́ tiwọn ni wọ́n. Ẹni tó bá lè rò ó pé adití náà yẹ kó gbádùn àwòrán, tá a bá lọ bá a pé àwọn ìyá àgbà Yorùbá wà ní Peckham, ní Thamesmead, ní Woolwich, tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì mọ ìtàn tó wà nínú àwòrán yìí ju ẹni tó kọ ìwé nípa ẹ̀ lọ, ṣé ó máa lé wa ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ná.

Ní October 2023, El Anatsui, agbẹ́gilére, ló gba Turbine Hall yẹn. Ọmọ Ghana ni, àmọ́ yunifásítì Nsukka ló ti ṣe olùkọ́ láti 1975 títí tó fi fẹ̀yìn tì, tiwa náà ni. Ìdérí ìgò ọtí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀, èyí tá a máa ń gbá dànù lẹ́yìn àríyá, ni wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wáyà so pọ̀ di nǹkan gbàgẹ̀rẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wá fi í kọ́ sókè láti òrùlé, ọ̀rọ̀ òwò ẹrú àti ọkọ̀ òkun wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọtí tí wọ́n fi ń ra èèyàn. Ìyá kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ tòun ti ọmọ ẹ̀, ó ń fi èdè wọn ṣàlàyé fún un, ọmọ náà ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Mo wò wọ́n títí. Mo wò ó pé tí mùsíọ́mù bá lè gbé irú nǹkan báyìí kalẹ̀, kó tún fi kún un kí ìyá yẹn lè gba màíìkì fún wákàtí kan péré, ìyàtọ̀ tó máa wà níbẹ̀ á pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n dé. October 8, 2025 ni Tate Modern ṣí ìpàtẹ tí wọ́n pè ní Nigerian Modernism, wọ́n sì fi í sí títí di May 10, 2026. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tó lé ní 50 ni, láti Àríwá, láti ilẹ̀ Igbo, láti Bìní, láti ọ̀dọ̀ wa. Ben Enwonwu, ayàwòrán tó tún ń gbẹ́ ère, wà níbẹ̀, Ladi Kwali tó ń mọ ìkòkò wà níbẹ̀, Access Holdings tí bánkì wọn wà káàkiri ọ̀dọ̀ wa nílé wà lára àwọn tó gbọ̀wọ́ sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì lèèyàn ń rà fún irú èyí, ṣùgbọ́n ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12 ò ní san nǹkan kan, àwọn ọ̀dọ́ láti 16 sí 25 sì lè forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Tate Collective kí wọ́n wá san pọ́n-ùn 5 péré. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fáwọn ọmọ yín, púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀. Bàbá Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, 1882 ni wọ́n bí wọn. Láyé tí àwọn òyìnbó ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ò lè ya èèyàn kó jọ èèyàn, bàbá yìí fúnra ẹ̀ ló kọ́ ara ẹ̀, ó ń ya àwọn èèyàn ńlá Èkó, ní 1920 ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí London níbí wá kẹ́kọ̀ọ́ sí i, nígbà tó sì padà sílé, láti iléèwé kan sí òmíràn ló ń lọ l'Ékòó tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Bàbá Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, tó jáde láyé ní 2021, ẹ wo àwọ̀ aró tó fẹ́ràn láti máa lò, ẹ wo bó ṣe ń ya gèlè, bó ṣe ń ya agbádá, ẹni tó bá dàgbà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń rẹ aró, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ kà fún un lára ògiri tó tó ohun tí ojú ẹ̀ ti mọ̀. Wọ́n sì yọ àyè sọ́tọ̀ fáwọn ayàwòrán Òṣogbo, àwọn Twins Seven-Seven, àti Susanne Wenger, òyìnbó Austria tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó lo ayé ẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun títí tó fi kú ní 2009. Orúkọ Twins Seven-Seven gan-an, ìtàn ni. Ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá ẹ̀ bí ìbejì, òun nìkan ló sì kù láyé nínú gbogbo wọn, bí òun fúnra ẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ bá mi ro ohun tí abiyamọ Yorùbá kan máa gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo àwòrán, àwọn iwin yẹn, àwọn ẹyẹ, àwọn ẹja, gbogbo ẹ̀ tò pọ̀ mọ́ra wọn láìsí àyè láàárín.

Màmá mi, ọmọ Òṣogbo, wá kí wa, wọ́n sì bá wa lọ sí mùsíọ́mù kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kì í ṣe èyí tí mò ń sọ bọ̀ yìí. Ère ìbejì wà nínú gíláàsì níbẹ̀. Ẹni tó ń mú wa káàkiri sọ pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ, ó sì ti bọ́ sórí nǹkan míì. Òótọ́ ló sọ, mi ò bá a jà. Àmọ́ Màmá ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fáwọn ọmọ mi jẹ́jẹ́ pé wọ́n máa ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi osùn pa á, wọ́n á wọṣọ fún un, tí èyí tó wà láyé bá jẹun òun náà á jẹ, ìyá á pọ̀n ọ́n jó lọ sọ́jà. Wọ́n ní ẹ wo ojú ẹ̀ bó ṣe dán tó sì fẹ́ẹ̀ parẹ́ tán, omi ìwẹ̀ àti ọwọ́ ìyá ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń kì í, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, ohùn wọn ò sókè rárá. Táyé àti Kẹ́hìndé mi tí wọ́n ti ń fà mí láṣọ látàárọ̀ pé ká máa lọ, wọ́n dákẹ́, wọ́n kàn ń wo ẹnu ìyá àgbà. Òyìnbó méjì kan tó wà lẹ́yìn wa bi mí pé kí ni Màmá ń sọ, mo túmọ̀ ìwọ̀nba tí mo lè túmọ̀. Ẹni tó mọ̀ jù nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ náà ni Màmá mi, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí.

Mo ní màá ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ pé inú ìlù àti èdè ni iṣẹ́ ọ̀hún ti jáde. Àwọn àgbà tó ń ka ìwé yín mọ Mbari Mbayo. Olóògbé Dúró Ládípọ̀, ọ̀gá òṣèré tíátà, ló ní ilé náà l'Óṣogbo, ibi tí wọ́n ti ń mutí ni kó tó di pé lọ́dún 1962 ó sọ ọ́ di ilé àṣà. Ìbàdàn ti kọ́kọ́ ní Mbari tiẹ̀ ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé ńláńlá ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn Ṣóyínká, àwọn Christopher Okigbo, àwọn Demas Nwoko, ilé àwọn ọ̀mọ̀wé ni kí n kúkú sọ. Ti Òṣogbo yàtọ̀. Ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ lè yà wọlé, ọmọ iléèwé lè yọjú lójú fèrèsé, onílù lè wá. Ulli Beier, òyìnbó Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú yunifásítì Ìbàdàn, wà nídìí ẹ̀ pẹ̀lú wọn, wọ́n pe Denis Williams, ọmọ Guyana, wá kọ́ àwọn tí ò kọ́ṣẹ́ àwòrán rí, nígbà tó di 1964 Georgina Beier náà ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tiẹ̀ fún wọn.

Ta ló wá kọ́ iṣẹ́ náà? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí o. Jimoh Buraimoh, iná tíátà Dúró Ládípọ̀ ló ń bójú tó, òun ló wá mú ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe adé ọba, tó ń tò ó di àwòrán. Muraina Oyelami, ọmọ Ìràgbìjí, òṣèré ni, onílù ni, nígbà tó yá ó di olùkọ́ ìlù dùndún ní yunifásítì Ifẹ̀. Rufus Ogundele, Adebisi Fabunmi, eré ni wọ́n ń ṣe. Àṣìrù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ni kó tó di pé ó ń lu irin pẹlẹbẹ di ìtàn. Adébísí Àkànjí, birikìlà ni, sìmẹ́ńtì ló fi ṣe iṣẹ́ tó wà nínú igbó Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń wá wò báyìí. Twins Seven-Seven sì rèé, oníjó ni, ẹni tó ń kiri oògùn tà ló ń bá káàkiri tó ń jó fáwọn èrò, ijó yẹn náà ló gbé e wọ Mbari Mbayo ní 1964. Àwọn èèyàn tó ń jó, tó ń lùlù, tó ń ṣeré lórí ìtàgé lálẹ́, àwọn náà ló ń di búrọ́ọ̀ṣì mú lójú ọ̀sán. Wọn ò ya àwòrán tán kẹ́nì kan tó wá máa wá eré tí wọ́n máa fi tì í lẹ́yìn. Inú eré ni wọ́n wà tí wọ́n fi yà á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé tá a bá gbé àwòrán Oyelami kọ́ sára ògiri funfun, tí ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, tí ìwé pélébé kan tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìdajì ẹ̀ la gbé wá. Ìdajì tó kù, ètò ló máa gbé e wá, kò tún sí ọ̀nà míì.

Ẹnì kan lè ní òyìnbó ò ní fara dà á. Ní 1964, Dúró Ládípọ̀ gbé eré ẹ̀, Ọba Kò So, lọ sí Berlin, ní 1965 ó gbé e wá sílẹ̀ òyìnbó níbí fún Commonwealth Arts Festival. Yorùbá pọ́ńbélé ni, tòun ti ìlù, tòun ti oríkì, Ṣàngó ń bínú, Ọya ń bẹ̀ ẹ́. Kò sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Wọ́n jókòó, wọ́n wò ó. Ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn nìyẹn o, nígbà tí Yorùbá tó wà nílùú yìí ò tíì tó ìdá kan nínú ti òní, kí ló wá dé tá a fi máa rò pé wọn ò lè gbọ́ ọ báyìí?

Ohun tí mò ń rò kì í ṣe nǹkan ńlá tó máa ná wọn lówó gọbọi. Lálẹ́ Saturday kan, kí àgbà kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa mú èèyàn yípo ìpàtẹ, kí ẹnì kejì máa túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fáwọn tí ò gbọ́, kí Yorùbá ṣáájú kí ìtumọ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà ólidé, kí wọ́n tẹ́ ẹní sí Turbine Hall, kí wọ́n ní ààlọ́ o, káwọn ọmọ dáhùn ààlọ̀, kí wọ́n pa ìtàn ìjàpá, kí àwọn ọmọ wá ya ohun tí wọ́n gbọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sílùú yìí tó ń tijú láti sọ Yorùbá níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó bá rí i pé ilé ńlá báyìí ni wọ́n ti ń sọ ọ́, tí ọmọ òyìnbó náà ń gbìyànjú láti dáhùn, kò tún ní tijú mọ́. Kí wọ́n ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí èèyàn fi ìyẹ́ adìẹ tọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, kó rí bí aró ṣe ń fo ibi tí ẹ̀kọ wà. Ìyá wa Nike Davies-Okundaye ti fi iṣẹ́ yìí kọ́ àìmọye èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ l'Óṣogbo, àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn wà káàkiri ayé, kò ní ṣòro láti rí ẹni tó máa ṣe é.

Kí wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ. Oyèlámì kì í ṣe Oyelámi, Fábùnmi ni bó ṣe ń dún. Tí wọ́n bá lè pe Picasso tí wọ́n lè pe Kandinsky, wọ́n lè pe tiwa, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹni tó mọ̀ ọ́n á lè kà á.

Owó ńkọ́? Kí wọ́n sanwó fáwọn àgbà yìí. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí gan-an. Tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá wá sọ̀rọ̀ wọ́n máa ń sanwó fún un, wọ́n máa ń sanwó ọkọ̀ ẹ̀, wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ètò. Ìyá tó ti fi ọgọ́ta ọdún rẹ aró, tàbí bàbá tó ń lùlù látìgbà tó ti ń rá, ìmọ̀ lòun náà ń tà. Kí wọ́n má kàn fún un ní tíì àti bísíkíìtì kí wọ́n ní ó ṣeun.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé Yorùbá kì í lọ mùsíọ́mù, pé tí wọ́n bá ṣe é kò ní sẹ́ni tó máa wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo àwọn gbọ̀ngàn tó wà ní Old Kent Road lọ́jọ́ Saturday. Aṣọ ẹbí, fèrè, gángan, ìlú òyìnbó nìyẹn, òtútù ń mú, àwọn èèyàn wa á ti Birmingham wakọ̀ wá. Èèyàn tó lè wakọ̀ wákàtí mẹ́ta nítorí ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀, á wọ bọ́ọ̀sì 63 tí wọ́n bá pè é ní èdè tó yé e. Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa láti ṣe o. Àwọn mùsíọ́mù yìí máa ń béèrè èrò àwọn tó wá wò wọ́n, ìwé á wà níbẹ̀, ímeèlì á wà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé Yorùbá ni yín, pé ẹ fẹ́ ètò ní Yorùbá. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn alásàlátù, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ jọ kọ ọ́ pọ̀. Wọn kì í ṣe wòlíì, tá ò bá sọ wọn ò lè mọ̀.

Nílé náà ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti rọrùn jù. National Theatre tó wà ní Iganmu, èyí tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ de àjọ̀dún àṣà FESTAC 77, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n ti fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè é, October 1, 2025 ni wọ́n ṣí i padà. Ọgbà yẹn ni ìjọba àpapọ̀ fi gálárì iṣẹ́ ọnà òde òní tiwọn sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ló ń débẹ̀, láti Mushin, láti Surulere, láti Àjẹgúnlẹ̀, mi ò mọ ibòmíì tó tún dáa jù ú lọ láti máa kó ọmọ iléèwé ìjọba wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n wo Onabolu, kí wọ́n wo Grillo, kẹ́nì kan sì fi Yorùbá sọ fún wọn pé ọmọ Èkó bíi tiwọn ni Bàbá Grillo. Yemisi Shyllon Museum of Art wà ní Pan-Atlantic University ní Ibeju-Lekki láti 2019, ẹgbẹ̀rún kan iṣẹ́ ọnà ni Ọmọọba Yemisi Shyllon fi ta wọ́n lọ́rẹ, ohun ribiribi ló ṣe, kí Ọlọ́run san án fún un. Ọ̀nà ẹ̀ jìn sí ọmọ Agége, òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa fún àwọn iléèwé ní bọ́ọ̀sì. Gálárì Ìyá Nike ní Lekki, àjà márùn-ún, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ wà l'Ékòó kẹ́ ẹ má débẹ̀. Ní August tí èrò bá ń wọ́ lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun, èèyàn mélòó nínú wọn ló ń béèrè ilé tí Buraimoh, Oyelami àti Twins Seven-Seven ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán? Ó yẹ kí ìjọba Ọ̀ṣun fi ètò kan sí i lọ́sẹ̀ yẹn, kí àwọn tó bá ṣì wà láyé nínú wọn jókòó, kí ọmọdé yí wọn ká, kí wọ́n máa bi wọ́n léèrè.

Ọ̀rọ̀ mi kàn yín wàyí, Olóòtú. Ẹ bá wa yọ àyè kékeré kan sílẹ̀ nínú ìwé yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó ṣe wù kó kéré tó, kẹ́ ẹ máa kọ ìpàtẹ tó ń lọ lọ́wọ́ l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Óṣogbo, ní London, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, iye owó ẹ̀ tàbí bóyá ọ̀fẹ́ ni, ètò tó wà fọ́mọdé, ọkọ̀ téèyàn máa wọ̀ débẹ̀. Ẹ tún rán akọ̀ròyìn yín kan lọ bá àwọn àgbà Òṣogbo, kó jókòó tì wọ́n, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Yorùbá, kì í ṣe kó lọ bi wọ́n ní ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún kó wá ya fọ́tò kó máa lọ, kó gba gbogbo ẹ̀, bí wọ́n ṣe po ọ̀dà àkọ́kọ́, orin tí wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, ohun tí Dúró Ládípọ̀ máa ń sọ fún wọn. Ti London níbí, mo lè máa kó o jọ kí n máa fi ránṣẹ́ sí yín kí Thursday tó pé, mi ò ní gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ kàn sọ fún mi lórí ímeèlì tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ibi tí màá máa fi í ránṣẹ́ sí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Peckham, London.